Píkọ́ọ̀pù Tuntun Nínú Gìtá Bàbá Mi

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni bàbá mi gbé gìtá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu. Ó fi ìborùn ìyá mi kan tó ti gbó wé e, ó sì gbá a mọ́ àyà láti Ìkòsì títí dé ọ̀dọ̀ mi, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e nínú bọ́ọ̀sì. Rédíò oníbàárà kan ni mo ń tún ṣe lọ́wọ́. Bí mo ṣe rí ohun tó gbé dání, ọwọ́ mi dúró.

"Daddy, ẹ káàsán o. Ṣé kò sí?"

"Gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná," ó ní, ó ń fi àgbọ̀n júwe rédíò náà. "Gìtá yìí ò dún dáadáa mọ́. Ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ti ra píkọ́ọ̀pù tuntun fún un."

Ó yọ ọ̀rá kékeré kan jáde nínú àpò àyà rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni píkọ́ọ̀pù tó wà nínú ọ̀rá náà, ó ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ orin ní Ojúẹlẹ́gbà. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Abẹ́ okùn gìtá oníná ni wọ́n máa ń de irú nǹkan yẹn mọ́. Irin òòfà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá fi wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ wé e ní àwétúnwé. Òun ló ń gba ohùn okùn, tó ń gbé e lọ sínú ámpù kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ. Tó bá kú, gìtá di pákó.

"Ìkórè di Sunday," bàbá mi ní. "Èmi ni mo máa fi gìtá ṣáájú orin ọpẹ́. Saturday la máa ṣe ìdánrawò. Ṣé o lè ṣe é?"

Mi ò tú gìtá kankan rí láyé mi. Rédíò ni mo mọ̀, àti tẹlifíṣọ̀n, àti fóònù alágbèéká tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà náà. Ṣùgbọ́n bàbá tó gbèjà mi nígbà tí àwọn ẹbí ní irú ọmọbìnrin wo ló ń kọ́ṣẹ́ rédíò, òun ló ń bi mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú rẹ̀ kí n ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe?

"Mo lè ṣe é, Daddy."

Mo gba gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Kó tó gbé ìyá mi níyàwó ló ti ra gìtá yẹn, ní Abẹ́òkúta, nígbà tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré kiri òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó kó wá sí Èkó, ó fi eré òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ra ẹ̀rọ ìlọta kan tó gbé kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà Mile 12. Ata, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí tó lọ̀ níbẹ̀ ló fi tọ́ wa. Gìtá yẹn nìkan ló ṣẹ́kù lára ayé rẹ̀ àtijọ́. Ara ògiri pálọ̀ ló máa ń wà, ọmọ kankan ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi ọkùnrin gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, igun rẹ̀ kan sì kán. Bàbá mi ò nà án. Ó kàn gbé gìtá náà lé itan, ó ń fi aṣọ nù ún, kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú ilé sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ẹgba ì bá sàn fún wa.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé kí n máa kọ́kọ́ fi etí ara mi gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kí n tó tú u. Ó ní ohun tí oníbàárà rò ló máa sọ, kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò síná, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ mi, bàbá mi sì dúró lé mi lórí, ó fẹ́ rí i pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ gìtá náà rárá. Mo tú àwọn okùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, mo tú ike pẹlẹbẹ tó bo àyà rẹ̀, ike funfun tó ti pọ́n bí eyín olóbì. Nígbà tó rí inú rẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Rọra o." Ó sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì níná tó dé. Mo fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó so píkọ́ọ̀pù àtijọ́ mọ́ àwọn wáyà inú gìtá, mo sì gbé e jáde. Kó tó di pé mo gbé tuntun wọlé, mo ní kí n kàn fi mítà wo àtijọ́ náà. Ọwọ́ mítà dìde, ó dúró: wáyà inú rẹ̀ ò já. Mo fi wo tuntun, ibi kan náà ló dúró sí. Mo fi síkúrù kan súnmọ́ irin òòfà àtijọ́ yẹn, ó fà á mọ́ra pàì. Mo yẹ àwọn bọ́tìnnì gìtá wò, mo yẹ ojú ihò tí wọ́n ń ki wáyà ámpù bọ̀ wò. Kò sí èyí tí nǹkan kan ṣe.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Bí kò bá sí ohun tó ṣe é, kí ni bàbá mi ń gbọ́?

Mo pinnu láti dá a padà sáyè rẹ̀ kí n lè fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Bí mo ṣe nawọ́ mú irin gbígbóná, ṣóńṣó síkúrúdráfà tó wà lọ́wọ́ mi kejì kọ́ ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀pù náà. Kò tilẹ̀ dún. Mo kàn rí fọ́nrán pupa kan tó ń mì lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn fáànù. Mo fi mítà wò ó, ọwọ́ mítà ò mira. Mo tún fi wò ó, kò mira. Mo fi gíláàsì tí mo fi ń wo inú fóònù wá orí wáyà kejì títí ojú mi fi ń ṣomi, mi ò rí i. Ohun tó wà láàyè ní wákàtí kan sẹ́yìn ti kú sí mi lọ́wọ́.

Látìgbà yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Bí èyí tuntun bá lọ kọ̀, kí ni mo fẹ́ wí? Ó gùn díẹ̀ ju àtijọ́ lọ, kò wọ ihò ara ike náà. Mo ní láti fi fáìlì ha ihò náà fẹ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀, mo ń dáwọ́ dúró wò ó bóyá ó ti ń sán. Nígbà tí mo so ó tán tí mo tan ámpù kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kìkì kíkùn ló ń kùn, vùùù, bí ẹ̀rọ amúǹkantutù tó ti gbó. Mo tú u, mo tún un so. Ọ̀sán Friday ni mo tó rí i pé wáyà dúdú, èyí tó yẹ kó pa kíkùn náà, ò lẹ̀ dáadáa. Mo jó lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, mo so okùn padà, mo ta ọ̀kan.

Ìyá aránṣọ tó wà lójúkojú mi gbé orí sókè lórí iṣẹ́ rẹ̀.

"Háà, Aunty! Ìyẹn mú ṣáṣá o. Ó ń wọni létí bí agogo."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ránṣẹ́ sí bàbá mi pé ó ti ṣe tán.

Ó dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ta gìtá náà, ó tẹ́tí. Ó tún un ta. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo sì rí i bó ṣe ń ṣú.

"Bákan náà ni," ó ní. "Inú ìrọ̀rí náà ló ṣì wà."

Ó nawọ́ sí bọ́tìnnì tírẹ́bù lára ámpù, èyí tó ń mú kí ohùn ta létí, ó yí i títí ó fi dé òpin. Ó ta okùn tó tín-ín-rín jù lọ. Ohùn náà gún mi létí bí abẹ́rẹ́. Ìyá aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì yíjú wá wò wá. Bàbá mi nìkan ni ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Ṣé o so ó dáadáa?" ó bi mí.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo rántí bí tẹlifíṣọ̀n ṣe máa ń pariwo nílé wa tó fi jẹ́ pé àwọn ará ilé kejì ń bá wa gbọ́ ìròyìn. Mo rántí bó ṣe máa ń sọ fún ìyá mi pé gbogbo wa la ti ń kùn sínú, pé a ò la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rántí ẹ̀rọ ìlọta yẹn, ọdún tó lé ní ogún tó ti fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ tó ń bú ramúramù sí i létí. Gìtá ò ṣàìsàn. Mo ti tú ohun tí kò bàjẹ́, mo sì ti bà á jẹ́.

Ó yẹ kí n sọ fún un níbẹ̀. Ohun tí mo sọ ni, "Màá tún un wò, Daddy."

"Ìdánrawò di àárọ̀ ọ̀la o," ó ní.

Mo lọ sílé wọn ní Ìkòsì nírọ̀lẹ́ kí ó tó dé láti ọjà. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pe bàbá ẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó dá mi lóhùn," ó ní. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn, Mummy?"

"Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀? Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní èmi ni ohùn mi ti kéré." Ó ju òkúta kan nù láàárín ẹ̀wà. "Jẹ́ kí Ìkórè kọjá ná."

Lọ́jọ́ Saturday, èmi fúnra mi gbé gìtá náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀, kò sí ohun tí mo lè tún ṣe. Bàbá mi gbé e kọ́rùn, ó yí tírẹ́bù dé òpin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹsẹ orin kìíní ò tíì parí tí àwọn obìnrin tó ń kọrin fi ń fà sẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan kúrò níwájú ámpù rẹ̀. Ọ̀kan ti ìka bọ etí. Bàbá mi di ojú, ó ń ta gìtá, inú rẹ̀ dùn. Mi ò lè wò ó.

Nígbà tí wọ́n sinmi, olórí akọrin pè mí sẹ́yìn ilé. Ọ̀dọ́kùnrin tó níwà ni, kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le.

"Sister, ẹ ti gbọ́ ọ. Mi ò lè sọ fún Daddy pé kí wọ́n má ta gìtá lọ́jọ́ Ìkórè, wọn ò ní dárí jì mí. Ṣùgbọ́n a ní ẹlòmíì tó lè jókòó sẹ́yìn ta gìtá mìíràn, tí Daddy ò ní rí i. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa iná. Tí orin bá ti wọra tán, ẹ kàn bá wa yọ wáyà ámpù wọn. Ìlù á ti pọ̀. Wọn ò ní mọ̀."

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé òótọ́ ló sọ. Kò ní mọ̀. Á máa ta gìtá tó ti kú níwájú gbogbo ìjọ, á máa rẹ́rìn-ín, èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, Bùrọ̀dá," mo ní.

Nígbà tí ìdánrawò parí, bàbá mi gba ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, èmi sì rìn kiri Ìkòsì fún bíi wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yà sójú ọ̀nà tó lọ sí Mile 12, tí mo tún padà. Nígbà tí mo tó débi iṣẹ́ bàbá mi, ẹ̀rọ ń ké, àwọn obìnrin méjì sì dúró pẹ̀lú abọ́ ata. Mo fọwọ́ ṣe é fún un pé kó pa á. Ó wò mí, ó pa á. Ìdákẹ́jẹ́ náà ṣubú lù wá.

Mo la ẹnu pé kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Fóònù mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń ké fín-ín-fín-ín, irú ohùn tí àwọn fóònù ìgbà náà ní. Mi ò gbé e. Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí màá kọ́kọ́ sọ.

"Aunty, fóònù yín ń dún," ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ní.

Bàbá mi wo obìnrin náà, ó wò mí. "Fóònù wo?"

Mo yọ ọ́ jáde. Iná rẹ̀ ń tàn, ó ń dún. Bàbá mi wò ó lọ́wọ́ mi. Ó gbà á, ó gbé e lé etí ọ̀tún, ó gbé e lé etí òsì. Ó ṣì wà létí rẹ̀ nígbà tó dákẹ́.

"Ó ti dákẹ́," mo ní.

"Ìgbà wo ló ti ń dún?"

"Látìgbà tí ẹ ti pa ẹ̀rọ, Daddy."

Àwọn obìnrin náà yí ojú sójú títì. Bàbá mi fà àpótí kan súnmọ́ra, ó jókòó. Ó dà bíi pé ó ti ń bá ọ̀rọ̀ yẹn jà tipẹ́, tó wá rẹ̀ ẹ́.

"Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn ńkọ́?" ó bi mí níkẹyìn.

"Kò sí ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀." Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo já wáyà rẹ̀, ọwọ́ mi ló ṣì í. Mo gbìyànjú kí n so ó, kò ṣeé so. Ẹ má bínú."

Mo dúró de ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń di ọjọ́ kejì. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí ata ti pa láwọ̀ dà.

"Ọjọ́ wo ló já?"

"Thursday, sà."

"O wá fi pamọ́ fún mi láti Thursday?"

"Mo bẹ̀rù yín ni."

Ó mi orí lọ́ra lọ́ra. Nígbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè dúró mọ́, mo sọ ohun tí olórí akọrin ní kí n ṣe pẹ̀lú. Mo rò pé á bínú dìde.

"Wọ́n fẹ́ kí n máa họ pákó níwájú Ọlọ́run?"

"Wọn ò fẹ́ kí ẹ tijú ni, sà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ata mi o," ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá mi dìde, ó tan ẹ̀rọ. Ó lọ ata obìnrin náà, ó lọ ti èkejì. Mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n máa lọ. Nígbà tó ṣe tán, ó súnmọ́ mi, ó kígbe sí mi létí lórí ariwo náà: "Tètè wá lọ́la. Ìwọ lo máa to ámpù yẹn. Ibi tí etí ẹ bá gbé e sí ni màá fi í sí."

Mi ò sùn dáadáa. Bí etí tèmi náà bá ṣì mí lọ́nà ńkọ́? Àwọn èèyàn ò tíì dé nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Mo ní kí bàbá mi máa ta okùn, mo ń rìn lọ síbi ìjókòó ẹ̀yìn, mo ń rìn padà, mo ń yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀. Mo pe ìyá mi tó bá bàbá mi wá, kóun náà gbọ́. Nígbà tí mo ní ó tó, bàbá mi ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí i pé kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Orin ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Olórí akọrin wò mí láti iwájú, mo mi orí fún un pé rárá. Mo dúró síbi tí ọwọ́ mi ti lè tó wáyà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ bàbá mi kúrò lára okùn, tó nà lọ sí bọ́tìnnì tírẹ́bù. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ló dá a padà. Ojú àwọn onílù ló ń wò kó tó mọ ibi tí orin dé, kò di ojú bí ó ṣe máa ń ṣe. Àwọn èèyàn ń jó wá síwájú pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bo etí. Gìtá náà mú, ó sì tutù létí. Èmi gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" ó bi mí nígbà tí a ń palẹ̀ ámpù mọ́.

"Ó dára, Daddy."

"Má tàn mí."

"Ní ẹsẹ kẹta, ẹ yára ju ìlù lọ díẹ̀. Ìyókù dára."

"Mo fura sí i," ó ní.

Ó tó oṣù méjì kó tó gbà kí n mú òun lọ rí àwọn tó ń wo etí ní ilé ìwòsàn kan ní Gbàgádà. Wọ́n fi í sínú yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bò ó létí, obìnrin tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì ní kó máa na ọwọ́ sókè nígbàkúùgbà tó bá gbọ́ ohùn. Wọ́n gbà kí n jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè déédéé, mo sì ń kà á. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó wà lórí itan rẹ̀, kò dìde mọ́. Láti ibi tí mo jókòó, mo ń gbọ́ ohùn náà tó ń yọ́ jáde lábẹ́ ohun tó bò ó létí, tín-ín, tín-ín, tín-ín, bàbá mi sì jókòó gbọnrangandan, ó ń retí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti múra sílẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká. Mi ò ṣe é.

Nígbà tí a jáde sójú títì, ó dúró, ó kọjú sí mi kó lè máa wo ẹnu mi.

"Mélòó ni mo gbọ́?"

Mo kà á fún un, mo la ẹnu mi dáadáa.